Ìlú Tó Di Òkúta, Ejò Tó Jókòó Ti Kànga: Orísun Ìlú Ẹ̀rù àti Dírágónì nínú Ìtàn Abàmì

Ní ọdún 1933, òyìnbó kan tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., H. G. Ramsay, dé Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, a sì mú un wọ igbó kan tí kò jìnnà sí ìlú. Ère òkúta ló bá níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe ogún. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún: ọkùnrin àti obìnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, tí àwọn kan mú ohun ìjà dání, tí àwọn mìíràn mú ohun èlò orin lọ́wọ́. A di irun wọn, a kọ ilà sí wọn lójú. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Èyí tó ga jù lé ní mítà kan. Púpọ̀ ti fọ́, orí sì ti kúrò lọ́rùn ọ̀pọ̀ wọn.

Láti ìgbà náà ni a ti ń kà á nínú ìwé pé Ramsay ló ṣàwárí ère Èsìẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń pani lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí àwọn tó mú un lọ síbẹ̀ ti ń bọ àwọn ère náà, wọ́n sì ti ń ṣe ọdún wọn, kí òun tó fojú kàn wọ́n. Wọ́n tún ní ìtàn nípa wọn. Ìtàn náà ní ẹ̀dà púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti máa ń ní, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kò yí padà bí ẹ̀ka rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí àwọn tó tẹ Èsìẹ́ dó ṣí dé láti ìhà Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n bá àwọn ère náà nílẹ̀. Ènìyàn ni àwọn ère ọ̀hún tẹ́lẹ̀ rí, àlejò tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tó ní ọba àti ìjòyè tirẹ̀. Agbára kan tó ju tiwọn lọ ló sọ gbogbo wọn di òkúta bí wọ́n ti jókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn abàmì yóò rántí pé òun ti wọ irú ìlú yìí rí. Nínú Ẹgbẹ̀rún Òru àti Òru Kan, obìnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó wọ ìlú kan tí ọba, olorì àti ọlọ́jà rẹ̀ ti di òkúta nítorí pé iná ni wọ́n ń bọ. Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi ní Ọ̀mù-Àrán mọ Sódómù, wọ́n mọ aya Lọ́ọ̀tì tó bojú wẹ̀yìn tó sì di ọ̀wọ́n iyọ̀. Àwọn Mùsùlùmí ìlú kan náà mọ àwọn ará Ádì àti ìlú Írámù olópòó gíga, tí ìjì pa run. Ìlú kan wà, ó lọ́rọ̀, ó lẹ́wà, ó ṣẹ̀, a pa á rẹ́. Ẹni tó ń kọjá lọ ló wá ń wo ahoro rẹ̀, tó sì ń sọ ohun tó fà á. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn abàmì ti fi ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe ọrọ̀ ajé fún ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní Èsìẹ́, ìlú náà ní ara tí ọwọ́ lè kàn. Èyí ló mú kí Èsìẹ́ jẹ́ ibi tó dára láti béèrè ohun tí a kì í sábà béèrè nípa irú ìtàn bẹ́ẹ̀: ta ló ń sọ ọ́, ta ni a sì ń sọ ọ́ nípa rẹ̀? Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ìtàn ìlú tí a pa rẹ́, ẹjọ́ ẹnì kan náà la máa ń gbọ́, nítorí òkúta kì í rojọ́.

Ìlú ẹ̀rù kì í sábà dá wà. Bí ó bá ti wà, ẹranko kan á wà nínú rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo fíìmù òyìnbó á ní dírágónì ni, ẹranko abìyẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń tu iná lẹ́nu, kò sì ní rò pé ó ní ìbátan kankan nílẹ̀ yìí. Ìbátan náà súnmọ́ ju bí ó ti rò lọ. Àwọn Gíríìkì ló ni orúkọ ọ̀hún, ejò ńlá lásán sì ni wọ́n ń fi drakōn pè. Kò ní ìyẹ́, kò ní ẹsẹ̀; àwọn onímọ̀ èdè so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí wíwò, bí ẹni pé ojú ejò náà ni ẹ̀rù rẹ̀ wà. Àwọn ayàwòrán Yúróòpù ló fi ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ kún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá fi orúkọ náà sílẹ̀ bí ó ti rí nínú ìwé Ìfihàn, wọ́n kàn yí i sí ohùn wa. Ẹni tí kò bá sì ní fíìmù láti wò lè rí dírágónì lẹ́yìnkùlé: Dracaena ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún pèrègún, abo dírágónì sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí ìbátan pèrègún kan ní erékùṣù Canary ń sun oje pupa tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ dírágónì.

Yorùbá fúnra rẹ̀ ti fi ohùn ṣeré níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ère ni àwòrán tí a gbẹ́. Erè ni òjòlá, ejò tí í gbé odidi ẹran mì. Èrè ni ohun tó kù sọ́wọ́ oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ìbátan kò sì pa wọ́n pọ̀ ju pé lẹ́tà kan náà ni a fi kọ wọ́n. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka ìtàn dírágónì láti Yúróòpù dé Sáhárà yóò rí i pé ère, erè àti èrè kò jìnnà síra níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo Yúróòpù. Ní Klagenfurt, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Austria, wọ́n ń sọ pé dírágónì kan ń gbé inú irà ibẹ̀ kí a tó tẹ ìlú náà dó. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, wọ́n wú agbárí ńlá kan jáde nínú ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀, wọ́n sì gbà pé ti dírágónì náà ni. Nígbà tí wọ́n máa gbẹ́ ère dírágónì sí àárín ìlú ní nǹkan bí ọdún 1590, agbárí yìí ni wọ́n wò ṣe orí rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn onímọ̀ tó mọ̀ pé agbárí àgbáǹréré onírun ni, ẹranko ayé àtijọ́ tó ti run. Ohun gidi kan ló kọ́kọ́ wà nínú ilẹ̀. Àwọn tó rí i kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fún un ní ìtàn, torí pé ojú ènìyàn kì í lè wo ohun tí kò ní ìtàn fún ìgbà pípẹ́.

Bákan náà ni ewì Beowulf ti àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́: dírágónì inú rẹ̀ ń ṣọ́ wúrà nínú òkìtì ibojì kan fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Àwọn tó sin wúrà náà ti kú tán, a kò sì mọ orúkọ wọn. Ejò ló jogún wọn. Láti inú ewì yìí, àti láti inú ìtàn Fafnir ti àwọn ará àríwá Yúróòpù, ni J. R. R. Tolkien ti mú Smaug, dírágónì tó wà nínú The Hobbit, ìwé tó jáde ní 1937. Ọ̀pọ̀ àwọn dírágónì ìwé àti fíìmù òde òní, ọmọ Smaug ni wọ́n.

Ọdún kan lẹ́yìn ìwé Tolkien, ní 1938, ni C.M.S. tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà, jáde ní Èkó. Ọdún 1938 kan náà ni J. D. Clarke, tó ti kọ ìwé nípa ilé-ẹ̀kọ́ Ọ̀mù ní 1937, kọ àròkọ nípa ère Èsìẹ́. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta yìí gbọ́ nípa èkejì. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ kọ ọdún wọn sí ara pátákó pa pọ̀, kí àwọn ọmọ tó rò pé Fágúnwà ń tọ ẹ̀yìn òyìnbó lè rí i pé àwọn méjèèjì jọ gbéra ni, olúkúlùkù láti inú àpò ìtàn ilẹ̀ tirẹ̀.

Àpò ìtàn ti ilẹ̀ tiwa kò sì ṣófo. Ní 1068, al-Bakri, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Kọ́dóbà ní Sípéènì, kọ ìwé nípa ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú láti ẹnu àwọn oníṣòwò tó ń gba aṣálẹ̀ kọjá. Òun fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí. Ó kọ nípa olú-ìlú Gánà àtijọ́, tí àwọn igbó kan yí ìlú ọba ká. Inú igbó wọ̀nyí ni àwọn òrìṣà àti ibojì àwọn ọba wà, ibẹ̀ náà ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà, a kì í sì í gbúròó ẹni tí a bá tì mọ́ ibẹ̀ mọ́. Ó tún kọ nípa àwọn kan tó ń jẹ́ Zafqu, tí wọ́n ń bọ ejò ńlá kan nínú ihò. Ejò náà ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn, orí rẹ̀ sì dà bí orí ràkúnmí. Bí ọba wọn bá wàjà, wọn á kó àwọn tó tọ́ sí oyè wá síwájú ihò náà, ejò á jáde, á fi imú kan ẹni tó bá wù ú, ẹni náà ló di ọba. Ẹni tó bá ń wá dírágónì tó ti pé ní ilẹ̀ wa, òun nìyẹn, ó sì ti wà nínú ìwé ju ẹgbẹ̀rin ọdún lọ ṣáájú Smaug. Ẹ ṣàkíyèsí iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í jẹ ènìyàn. Ọba ló ń fi jẹ.

Àwọn Soninke, tí àwọn baba ńlá wọn ni Gánà náà, tí wọ́n ń pè ní Wàgádù, ní ìtàn ejò tiwọn. Bídà ni orúkọ rẹ̀. Ó bá ìlú dá májẹ̀mú: òun á máa fún wọn ní òjò àti wúrà, wọn á sì máa fún òun ní wúńdíá tó lẹ́wà jù lọ́dọọdún. Ó di ọdún tó kan Síà, àfẹ́sọ́nà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mámádì. Mámádì yọ idà, ó bẹ́ orí ejò náà. Orí ọ̀hún fò lọ sí ìhà Bùrè, wúrà sì bá a lọ síbẹ̀. Òjò kọ̀ láti rọ̀ fún ọdún méje, Wàgádù tú ká, àwọn ọmọ rẹ̀ di èrò ọ̀nà.

Ní Dáúrà, ní ìpínlẹ̀ Kàtsínà, ìtàn náà wà pẹ̀lú ìyàtọ̀ kékeré tó fa ìyàtọ̀ ńlá. Ejò tó ń jẹ́ Sàrkí jókòó sínú kànga Kúsúgù, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọn omi àfi ní ọjọ́ Jímọ̀. Àlejò kan tó ń jẹ́ Bàyàjíddà dé lóru, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó pa ejò náà. Ọbabìnrin ìlú fẹ́ ẹ, ìran wọn ló sì tẹ àwọn ìlú Hausa dó. Kànga náà wà ní Dáúrà títí di òní, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó.

Ìtàn kan náà ni, òpin rẹ̀ ni kò bára mu. Ní Dáúrà, pípa ejò ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀làjú. Ní Wàgádù, pípa ejò ni òpin ìlú. Ohun tó mú wọn yàtọ̀ kò ṣòro láti rí. Ìran ẹni tó pa ejò ló ń sọ ti Dáúrà, wọ́n sì jókòó sórí oyè bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn tí ìlú wọn fọ́ ló ń sọ ti Wàgádù, àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́dọ̀ ejò náà kí ó tó kú. Ejò méjèèjì kò sì gbé inú igbó bí ẹranko lásán. Ibi tí ìlú ti ń mu omi ni ọ̀kan wà, ibi tí ìlú ti ń rí wúrà ni èkejì wà. Òun ni iye owó tí ìlú ń san kí ó tó lè jẹ́ ìlú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń ròyìn dírágónì ìlú mìíràn, èrò tirẹ̀ nípa ọba àti ọlà ìlú náà ló ń sọ.

Lọ́dọ̀ Yorùbá, òṣùmàrè ni ejò tó súnmọ́ èyí jù. Àwọn àgbà gbà pé ejò ńlá kan ló ń gòkè wá láti inú ilẹ̀ láti mu omi ojú ọ̀run. Àwọn Fọ̀n aládùúgbò wa ń pè é ní Dàn Áyídòhwẹ̀dó, wọ́n sì ní òun ló ká mọ́ ayé tí kò jẹ́ kí ó tú. A tún máa ń sọ pé ẹni tó bá ṣe kòńgẹ́ imí òṣùmàrè ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ejò yìí àti ti Beowulf dùn ún rò: ti Beowulf dùbúlẹ̀ lé wúrà tí kò lè ná, tiwa ń ṣu ú dànù.

Ìlú Ìbìní ni a ti rí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ìlú bá jẹ́ ẹni tó ń ròyìn ìlú náà. Ní nǹkan bí ọdún 1700, David van Nyendael, oníṣòwò ará Họ́láńdì, dé ààfin Ọba. Ó rí ilé-ìṣọ́ gíga kan lórí òrùlé, ejò idẹ ńlá sì wà lórí rẹ̀, orí rẹ̀ dorí kọ ilẹ̀. Nyendael yin iṣẹ́ náà; ó ka ejò ọ̀hún sí ọ̀kan lára ohun tó dára jù tí òun rí ní Ìbìní. Ní oṣù kejì 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú náà, iná jó o, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ idẹ àti eyín erin lọ, wọ́n sì lé Ọba Ovọnramwẹn lọ sí Kàlàbá, níbi tó kú sí ní 1914. Láàárín ọdún kan náà, R. H. Bacon, ọ̀gá ológun kan tó bá wọn lọ, tẹ ìwé jáde. Àkọlé rẹ̀ pe Ìbìní ní ìlú ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni pé a fi ènìyàn rúbọ ní Ìbìní, pàápàá ní ọjọ́ tí ogun ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tí Nyendael bá, tó ní ọjà, iṣẹ́ ọnà àti òfin, ti pòórá nínú ọ̀rọ̀ náà. Ejò kan náà, òrùlé kan náà. Ní 1700 ó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọlọ́gbọ́n, ní 1897 ó ti di àmì ìlú burúkú. Ìlú tí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀ di ìlú ẹ̀rù, kò sí ẹni tó máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Àwọn òǹkọ̀wé ti palẹ̀ èyí mọ́ ṣáájú. Ní 1887, H. Rider Haggard, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní gúúsù Áfíríkà, tẹ ìwé rẹ̀ She jáde. Nínú rẹ̀, ahoro ìlú ńlá kan tó ń jẹ́ Kôr wà láàárín Áfíríkà, òkú àwọn tó kọ́ ọ sì wà nínú ihò àpáta, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú àdúgbò kọ́ ló kọ́ ọ, obìnrin funfun tí kò lè kú ló sì ń jọba ibẹ̀. Ìwé náà tà púpọ̀, àìmọye ìtàn ìlú tó sọnù sì ti inú rẹ̀ jáde. Ó tún wọ orí àwọn tí kì í ṣe òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Ní 1910, Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí àwọn orí amọ̀ àti ti idẹ, ó sì kéde pé iṣẹ́ Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tó rì sínú òkun. Ó rọrùn fún un láti gba ìlú tí kò sí rí gbọ́ ju kí ó gbà pé baba àwọn tó ń fún un ní oúnjẹ ló ṣe é. Nígbà tí àwọn òyìnbó gbọ́ nípa Èsìẹ́ ní 1933, ilẹ̀ tí irú èrò yìí ti gbilẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Báwo wá ni àwọn òǹkọ̀wé tiwa ṣe lo ìlú ẹ̀rù àti ejò rẹ̀? Fágúnwà kọ́ ìlú púpọ̀ sínú igbó rẹ̀. Èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í gbàgbé ni Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀ nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, ìwé tó jáde ní 1954. Ẹ̀rín ló pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tó gbà dá Èdìdàrẹ́ kò yàtọ̀ sí ti arìnrìn-àjò tó bá ìlú kan pàdé tó sì ń rojọ́ rẹ̀ fún àwọn ará ilé. Amos Tutùọlá ló lọ jìnnà jù. Nínú The Palm-Wine Drinkard, tí ilé-iṣẹ́ Faber tẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ní 1952, akọni àti aya rẹ̀ já sí ìlú kan tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í padà. Àwọn ará ibẹ̀ ń wẹ ẹran ọ̀sìn, wọ́n ń fi aṣọ dáradára bò ó, àwọn fúnra wọn kì í wẹ̀. Wọ́n rì àwọn àlejò náà mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Ìlú ẹ̀rù ni lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé Ìlú Pupa, ibẹ̀ sì ni Tutùọlá ti ṣe ohun tó yẹ kí olùkọ́ fi odidi kíláàsì kan kọ́ni. Gbogbo ohun tó wà ní ìlú náà ló pọ́n: ènìyàn, ẹran, omi. Ẹja pupa kan àti ẹyẹ pupa kan ń jáde lọ́dọọdún láti gba ènìyàn kan jẹ. Ẹja náà ní ìwo tó lé ní ọgbọ̀n lórí, ó ń fi àyà wọ́ bí ejò, ara rẹ̀ dà bí ti àdán, irun gígùn bò ó, ó sì lè fò díẹ̀. Dírágónì pọ́ńbélé ni, bí òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ pe orúkọ náà, irun ara rẹ̀ sì súnmọ́ gọ̀gọ̀ ejò Zafqu ju ìpẹ́ Smaug lọ. Akọni fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbọ ọdún náà, ó sì pa àwọn ẹranko méjèèjì. Títí dé ibí yìí, ìtàn Mámádì àti Bàyàjíddà nìyí.

Ṣùgbọ́n kí ó tó pa wọ́n, ọba ìlú náà ti sọ ìtàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọba yìí wà lọ́mọdé, ó ní àwọ̀n fún ẹja àti tàkúté fún ẹran. Ní ọjọ́ kan, ó dẹ àwọ̀n sínú igbó, ó sì dẹ tàkúté sínú odò. Ẹyẹ pupa kó sínú àwọ̀n, ẹja pupa kó sínú tàkúté. Wọ́n sọ fún un pé kí ó dá wọn padà síbi tó ti mú wọn, ó kọ̀, ó ní àfi kí òun sun wọ́n. Èéfín iná náà ló sọ gbogbo ìlú di pupa. Ní Dáúrà, kò sí ẹni tó sọ ibi tí Sàrkí ti wá. Ní Beowulf, dírágónì kàn wá ibojì kan wọ̀ ni. Ní Ìlú Pupa, ìlú náà ló ń ròyìn ara rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí dírágónì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí ọmọ kan ṣe ohun tó tọ́ níbi tí kò tọ́. Kì í ṣe ìlú burúkú tí àlejò rere wá gbà là. Ìlú tó ní ìtàn, tó sì ń dààmú, ni. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí sí Kôr, tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kọ́ ọ kò lanu sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ń bá a lọ. Nínú ìwé Tomi Adeyemi, Children of Blood and Bone, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018, abúlé kan wà tó léfòó lórí omi, tí iná sì jó. Ìlọrin ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ Kwara tó kà á rẹ́rìn-ín, wọ́n ní odò wo ló wà ní Ìlọrin tí abúlé á léfòó lé lórí! Ẹ̀rín náà tọ́, ó sì wúlò: ó rán wọn létí bí ara ti máa ń rí lára àwọn ará ìlú kan nígbà tí ìlú wọn bá di ìtàn lẹ́nu ẹlòmíràn.

Àwọn awalẹ̀pìtàn ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ lórí Èsìẹ́ láti ìgbà Ramsay. Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà tó ka àwọn ère náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1960, tẹ ìwé rẹ̀ lórí wọn jáde ní 1978. Àyẹ̀wò amọ̀ sísun tí a rí níbẹ̀ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100, èyí tó fi hàn pé ẹnì kan ti ń fi iná ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú kí àwọn tó tẹ Èsìẹ́ òde òní dó tó dé. Àwọn ère fúnra wọn sì ń sọ nǹkan kan. Obìnrin wà nínú wọn tó mú ohun ìjà. Olórin wà nínú wọn. Wọ́n jókòó bí ẹni tó ní àṣẹ láti jókòó. Ẹni tó bá wò wọ́n láìkọ́kọ́ gbọ́ ìtàn kò ní sọ pé ọ̀daràn tí a fìyà jẹ nìyí. Á sọ pé ìgbìmọ̀ ìlú kan ló pé.

Ìtàn ìyípadà sí òkúta kò ṣe àwọn ará Èsìẹ́ ní ìtìjú. Wọ́n bá ohun ńlá nílẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn, wọn kò fọ́ ọ dànù, wọn kò kó o tà. Wọ́n fún un ní ìtàn, wọ́n sì ń bọ ọ́. Ìwà wọn sàn ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó bá ahoro pàdé lọ. Síbẹ̀ ìtàn náà ní àbùkù kan: kò sí àyè fún agbẹ́kùúta nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ló di òkúta bó ti jókòó, kí ni a ń fi agbẹ́kùúta ṣe? Ẹni tó yan òkúta rírọ̀ náà, tó mọ irin tí a fi ń gé e, tó kọ́ ọmọ-iṣẹ́, tó gba owó tàbí ẹran lọ́wọ́ ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ló ti kúrò nínú ìtàn pátápátá. Ó ju ẹgbẹ̀rún ère lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan kọ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Ìlú kan ló ní láti wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ.

Ní 1945 ni a ṣí músíọ̀mù fún wọn ní Èsìẹ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère tó kù wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilà ojú tí ẹnì kan fi irin fà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́rẹ̀kẹ́.